Ẹ̀kọ́ Kẹtàdínlógún

Ní ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Sherifa wọ inú àgbàlá Tíṣà Màmúdù Àrówólò ní Mamobi, ní ìlú Accra, pẹ̀lú abọ́ kan tí ó fi aṣọ bò. Tíṣà ti ká àwọn ìwé ìdánwò sínú àpò láti ọjọ́ Ajé. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Abdul-Rahim ṣe àṣìṣe méjì, Sherifa ṣe mẹ́ta. Orúkọ Abdul-Rahim ni ẹgbẹ́ yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Jímọ̀.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n ń rán ọmọ kan ṣoṣo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ti ilé ìwòsàn. Ilé kéwú ni wọ́n ti mú òfin tí wọ́n fi ń yan ọmọ náà. Ọmọ tó bá ń ka wàláà rẹ̀, pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí, níwájú ààfáà, tó sì ṣì í kà lẹ́ẹ̀mẹta, ààfáà á gba wàláà lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kó padà lọ kọ́ ọ. Kò sí àrọwà. Àṣìṣe mẹ́ta, wàláà padà. Tíṣà Màmúdù ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní kẹ́mísìrì, òun ló ń ṣe ìdánwò fún wọn, òun ló sì ń fi pupa sàmì sí ìwé wọn. Ó fẹ́ràn òfin yẹn nítorí pé kì í fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò.

Ọmọ Ààfáà Súràjùdéènì ni Sherifa, ààfáà yìí kan náà sì ni olórí ẹgbẹ́. Ọdún yìí ló kẹ́yìn fún ọmọbìnrin náà. Ẹgbẹ́ kì í rán ẹni tó bá ti pé ogún ọdún, yóò sì pé ogún nínú oṣù tó ń bọ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Tíṣà, ẹ kú ìjókòó."

"Kí ló wà nínú abọ́ yẹn?"

Ó ṣí aṣọ. Kẹ́ńkẹ́ ló wà níbẹ̀. Ó ti bu ẹ̀kọ àgbàdo kíkan náà sí wẹ́wẹ́, ó ti fi ọwọ́ mọ ọ́n roboto roboto bí ẹyin ẹyẹlé, ó sì ti fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún un. Ẹ̀pà wà lórí ẹyọ mìíràn, ata wẹ́wẹ́ pupa wà lórí òmíràn.

"Ta ló fún ọ ní oúnjẹ tí o fi ń ṣeré?"

"Ọ̀sán mi ni, sà. Mi ò jẹ ẹ́."

"O wá kó o wá kí n rí i pé o kò jẹ ẹ́."

"Rárá, sà. Nítorí ìbéèrè kejìlá ni. Mo kọ méjì. Ẹ fi pupa fà á, ẹ ní mẹ́ta ni."

"Mẹ́ta ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á fún mi."

Tíṣà mú ìwé kan tí ó ti lo ojú kan rẹ̀, ó yí i padà. Kò sí ìwé tó ń jáde nílé rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú méjèèjì ti kún. Ìbéèrè náà sọ pé kábọ́ọ̀nù méjì, háídírójìn mẹ́rin àti kílórínì méjì: nǹkan mélòó ni a lè fi wọ́n kọ́? Ó ya èkínní, kílórínì méjèèjì wà lára kábọ́ọ̀nù kan. Ó ya ìkejì, kílórínì kan lára kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì kọjú sókè. Ó ya ìkẹta, ọ̀kan kọjú sókè, ọ̀kan kọjú sísàlẹ̀.

"Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mo ti kọ́ yín báyìí láti oṣù kejì."

"Èkínní ò ní ìjà, sà. Ìkejì àti ìkẹta ni mo bá wá." Ó gbé ère kẹ́ńkẹ́ kan lé ẹ̀gbẹ́ àwòrán ìkejì. Kẹ́ńkẹ́ méjì ni, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló so wọ́n pọ̀. Ẹ̀pà mẹ́rin, ata méjì. Ata méjèèjì kọjú sókè. "Ṣé ìkejì yín nìyí?"

"Òun ni."

Ó fi ọwọ́ òsì di kẹ́ńkẹ́ kan mú. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yí ìkejì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yí ọmọrí ìgò. Kò yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, kò fa nǹkan kan tu. Ata kan dúró sókè, ìkejì lọ sísàlẹ̀.

"Ìkẹta yín ńkọ́, sà?"

Tíṣà wo àwòrán ìkẹta, ó wo kẹ́ńkẹ́. Ó gba ère náà, ó dá a padà sí bó ṣe wà. Ata méjèèjì tún kọjú sókè. Ó tún yí i.

"O ti yọ ọ́ níbì kan," ni ó wí.

"Ọwọ́ yín ló wà, sà. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló so wọ́n. Ìdè kan ni. Ohun tí ìdè kan bá so ń yí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo rí i lórí fóònù."

"Mo rí ọkùnrin kan lórí fóònù tó ń fò lókè Nima láìní ìyẹ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ óò sọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe é ní kẹ́ńkẹ́." Ó mú ère kejì jáde. Ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì ló so kẹ́ńkẹ́ méjèèjì ti eléyìí pọ̀. "Ẹ yí èyí wò."

Tíṣà gbìyànjú rẹ̀. Kẹ́ńkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

"Èyí kì í yí," ni Sherifa wí. "Èyí ni òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan méjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹ béèrè. Háídírójìn mẹ́rin lẹ kọ. Mo kà á dáadáa paa. Ìdè kan ni." Ó tún gba ère àkọ́kọ́, ó fi ìka rẹ̀ tọ́ka. "Ẹ wò ó bí ẹ̀pà bá kọjú sí ẹ̀pà. Ó há. Bí ìgbà tí orúnkún èrò méjì bá ko ara wọn nínú ọkọ̀ trotro. Wọn á sún, wọn á sún, títí èjìká ọ̀kan á fi bọ́ sí àlàfo èkejì. Ibẹ̀ ló ti ń sinmi. Lẹ́yìn náà ó tún yí. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí kò níye kí ẹ tó sẹ́jú. Kò sí ẹni tó lè fi ìkejì yín sínú ìgò kan, kó fi ìkẹta sínú ìgò mìíràn. Kó tó dé ìgò, ó ti yí."

Ìjókòó Tíṣà dún. Ó ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣọ́ ìgò kẹ́míkà ní ilé ìtajà kan ní Adabraka kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ ìgò. Kò rántí pé òun rí ìgò méjì rí fún ìkejì àti ìkẹta yẹn. Ìgò kan ṣoṣo ló wà, orúkọ kan ló sì wà lára rẹ̀. Kò fìgbà kankan bi ara rẹ̀ pé níbo ni ìgò kejì wà.

"Ohun tí mo kọ́ yín ni mo bi yín," ni ó wí níkẹyìn. "Ta ló ní kí o kọ ohun tí mi ò kọ́ ọ?"

Sherifa sọ ọ́ jẹ́jẹ́, Yorùbá rẹ̀ sì ń kọsẹ̀ bí ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Accra: "Dádì ní kí n gbà. Ó ní àṣìṣe mẹ́ta ni. Mo gba méjì, sà. Méjì yẹn, tèmi ni. Ìkẹta yẹn, kì í ṣe tèmi."

Ó dìde. Ó fi ère méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Kó ìdọ̀tí rẹ."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, sà. Bí ẹ bá yí i tán, ẹ lè jẹ ẹ́."

Nígbà tí Màríámù, ìyàwó Tíṣà, ti ojúde wọlé, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń yí kẹ́ńkẹ́.

"Bàbá Ìdíátù, èèrà ti ń gun tábìlì o. Ṣé kí n kó o fún adìyẹ?"

"Má fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ ìdí ọṣẹ mọ́ ọṣẹ tuntun? Oúnjẹ wà nílẹ̀ ẹ ń fi ìgbálẹ̀ gún un?"

Tíṣà wọ yàrá, ó fa àpótí kan jáde láti abẹ́ ibùsùn. Ẹ̀kọ́ tó fi pósòfíìsì kọ́ ló wà níbẹ̀, ogójì ẹ̀kọ́, tí ó fi okùn di ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Kò ní tíṣà, kò ní yàrá àyẹ̀wò. Ìwé ń bọ̀ láti òkèèrè, ó ń kà á láàárọ̀ kùtùkùtù kó tó lọ ibi iṣẹ́, ó ń dáhùn ìbéèrè, ó ń fi ìdáhùn ránṣẹ́. Kò pẹ́ rí. Kò fo ojú ewé kan rí.

Ó tú okùn kejì. Ẹ̀kọ́ kẹrìndínlógún wà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀kọ́ kejìdínlógún.

Kò ní láti wá a káàkiri. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ kẹtàdínlógún sọnù lójú ọ̀nà ní ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i kọ̀wé pé àwọn lè fi òmíràn ránṣẹ́ bó bá tún lè sanwó rẹ̀. Ó rò ó, ó ní kí ènìyàn san owó ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ìṣòfò ni. Ẹ̀kọ́ kejìdínlógún dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ lé e.

Ó ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé: "Gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ tó ṣáájú èyí." Lẹ́yìn náà ni àwòrán àwọn nǹkan tí òkè àti ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀ síra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ tirẹ̀ ni, ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ kí ohunkóhun dá òun dúró: *Ó yé mi.*

Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fa àpótí kejì. Àwọn ìwé ìdánwò àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò dà wọ́n nù nítorí pé ẹ̀yìn wọn ṣì wúlò. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ó sì ti béèrè ìbéèrè yẹn ní ìgbà mẹ́fà. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí ọmọ márùn-ún tí ìbéèrè yẹn jẹ́ àṣìṣe kẹta fún. Ìwé Yusif ni àkọ́kọ́, láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Yusif kọ méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀ ó ti ya ọfà kékeré kan tó ká roboto yí ìdè náà po, bí ẹni ń sọ pé ibí yìí ń yí. Tíṣà ti fi pupa fa ọfà náà gan-an. Ó ti kọ síbẹ̀ pé: *Má ṣe ohun tí a kò ní kí o ṣe.*

Kò jẹun alẹ́. Ó mọ̀ pé òun lè dákẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló mọ̀, baba rẹ̀ sì ti ní kó gbà. Bí òun bá dákẹ́ di ọ̀la, di ọ̀tunla, fọ́ọ̀mù yóò lọ, Sherifa yóò pé ogún, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Ó rò ó títí. Ohun tó mú un bínú jù ni pé ó rọrùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó lọ sí ilé kéwú Ààfáà Súràjùdéènì. Àwọn ọmọdé jókòó lórí ẹní, wàláà lórí itan wọn, ohùn wọn dàpọ̀. Ààfáà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

"Ààfáà, àṣìṣe wà nínú àmì tí mo fi sí ìwé Sherifa. Ìbéèrè kejìlá. Ohun tó kọ ló tọ̀nà. Àṣìṣe méjì ló ní."

Ààfáà wo ẹnu ọ̀nà. "Ta ló tún gbọ́?"

"Èmi, ẹ̀yin, òun."

"Kó parí síbẹ̀."

"Kò lè parí síbẹ̀."

"Tíṣà, gbọ́ mi. Lọ́jọ́ Ajé, o sọ fún mi pé ọmọ mi ṣubú. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ fún ìyá Abdul-Rahim. Ibi tí o dúró sí yìí lobìnrin náà ti wólẹ̀ tó ń dúpẹ́. Lónìí o wá sọ pé ọmọ ààfáà kò ṣubú mọ́. Kí ni Mamobi á sọ?"

"Wọn á ní ẹ bẹ̀ mí."

"Ìyẹn bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn wa." Ààfáà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. "Ọmọ mi kò sùn láti ìgbà yẹn. O rò pé mi ò mọ̀? Ṣùgbọ́n mi ò lè fi orúkọ mọ́ṣáláṣí ra àyè fún ọmọ mi."

"Ìṣòfò nìyẹn."

"Kí ni ìṣòfò?"

"Ọmọ tó rí ohun tí èmi kò rí ní ọdún mẹ́rìndínlógójì. Kí a wá fi í pamọ́ sílé nítorí ẹnu ènìyàn."

Kí Ààfáà tó dáhùn, ọmọbìnrin kékeré kan dìde láàárín àwọn ọmọ, ó gbé wàláà rẹ̀ wá. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbí kọ́ ni wọ́n ṣe kà á lánàá. Ààfáà gba wàláà, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Ọmọ náà tọ̀nà. Sàbíù, ọmọ kéwú àgbà tó ń bá ààfáà kọ wàláà fún àwọn kéékèèké, ló ṣì í kọ. Ààfáà pè é. Sàbíù wá, ó rí i, ojú tì í. Kò sí ẹni tó bá a wí. Ó gba wàláà náà, ó jókòó síwájú gbogbo àwọn ọmọ, ó fi omi fọ̀ ọ́ títí igi fi funfun, ó sì tún un kọ. Wọ́n wá ní kí ọmọbìnrin náà dúró síwájú, kó máa kà á fún àwọn yòókù.

Tíṣà ti rí irú èyí nígbà púpọ̀ láti kékeré. Kò fìgbà kankan rò pé ó kan òun.

"Àṣìṣe tí ọwọ́ olùkọ́ bá kọ sórí wàláà, a kì í kà á sí ọmọ lọ́rùn," ni Ààfáà wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Olùkọ́ ló ń fọ̀ ọ́, níwájú àwọn tó kọ ọ́ fún. O mọ òfin yẹn jù mí lọ, òun lo fi ń ju àwọn ọmọ nù."

"Àṣìṣe mẹ́ta, wàláà padà. Ìyẹn nìkan ni mo mú níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdajì ni o mú." Ó dìde. "Bí o bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ọ̀la lẹ́yìn Jímọ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Èmi yóò jáde kúrò níbẹ̀. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti kírun tán, akọ̀wé ẹgbẹ́, Àlùhájì Bùkárì, gbé fọ́ọ̀mù sórí itan rẹ̀. Ààfáà mú bàtà rẹ̀, ó jáde sí òpópónà. Àwọn obìnrin jókòó sí apá tiwọn, Sherifa wà láàárín wọn, ó sì tẹ orí ba. Tíṣà Màmúdù dìde pẹ̀lú abọ́ tó fi aṣọ bò.

Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ẹ̀kọ́, láìfi nǹkan kan ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ní òun kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ kan sọnù lọ́wọ́ òun nígbà èwe, òun sì fi èrò tara òun dí ihò rẹ̀. Ó ṣí aṣọ.

"Tíṣà, ẹja ńkọ́?" ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fún wa ní kẹ́ńkẹ́ lásán. Ata dà?"

"Ata wà lára rẹ̀," ni Tíṣà wí. "Òun ni kílórínì."

Kò rẹ́rìn-ín, nítorí náà ẹ̀rín náà kú. Ó fi àwòrán ìkejì àti ìkẹta hàn wọ́n. Ó yí ère náà níwájú wọn. Ó fún Àlùhájì Bùkárì, ó ní kó yí i. Àlùhájì, tó ń ran aṣọ, tí kò sì mọ ohun tí kábọ́ọ̀nù jẹ́, yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ọ̀kan náà ni," ni ó wí. "Ẹni tó jókòó, tó wá yí orí wẹ̀yìn. Kò di ẹlòmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti pè é ní ẹni méjì fún ọdún mọ́kànlá. Sherifa sọ pé ẹnì kan ni, mo sì gba wàláà lọ́wọ́ rẹ̀."

Obìnrin kan sọ ọ̀rọ̀ kan ní Hausa sí etí ẹnìkejì rẹ̀, ojú wọn sì lọ sí ẹnu ọ̀nà tí Ààfáà gbà jáde. Tíṣà rí i. Ó ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

Abdul-Rahim dìde. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ga, ó sì máa ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

"Tíṣà, èmi ńkọ́?"

"Kí ni o fẹ́ mọ̀?"

"Mo kọ mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ mẹ́ta. Mo há a sórí bí ẹ ṣe yà á. Ṣé ó ti wá di àṣìṣe mi?"

"Kì í ṣe tìẹ. Tèmi ni. Àṣìṣe tìrẹ ṣì jẹ́ méjì."

"Tirẹ̀ ńkọ́?"

"Méjì ni tòun náà."

"Àyè kan ló wà."

"Àyè kan ni."

Wọ́n wo Àlùhájì Bùkárì. Ó wo fọ́ọ̀mù fún ìgbà pípẹ́. "Bí wọ́n bá fọ wàláà ní ilé kéwú," ni ó wí, "ta ló ń kà á ṣáájú?"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́. Abdul-Rahim ló sọ ọ́.

"Ẹni tó rí i." Ó na ọwọ́, ó gba kẹ́ńkẹ́, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e padà fún Tíṣà. "Ẹ kọ orúkọ Sherifa. Mo ṣì ní ọdún kan. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ojúlé wa pé èmi ni, màá lọ bá a sọ ọ́. Ohun kan ni mo fẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí á kọ́ wa."

Tíṣà dúró wò bóyá ẹnì kan yóò ní ọmọ náà sọ̀rọ̀ àfojúdi sí àgbà. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó tọ́," ni ó wí.

Àlùhájì kọ orúkọ Sherifa. Ọmọbìnrin náà ń sunkún, kò sì wo ọ̀dọ̀ Tíṣà. Nígbà tí ó ń jáde, ó kúnlẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, ó dìde, ó sì yára lọ bá baba rẹ̀ lójú òpópónà. Tíṣà rí Ààfáà tó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà. Kò rí ojú rẹ̀.

Ní Sátidé, ó lọ sí ibi tí trotro ń dúró sí ní Nima. Ìwé Yusif àti ti àwọn mẹ́rin yòókù wà nínú àpò rẹ̀, ère kẹ́ńkẹ́ wà nínú abọ́. Yusif jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń dúró kí èrò kún. Ó ti sanra, irùngbọ̀n ti bò ó lẹ́nu.

"Tíṣà. Ṣé Adabraka ni? Ẹ wọlé, iwájú ṣófo."

"Mi ò rìnrìn àjò. Ìwọ ni mo wá rí." Ó na ìwé náà sí i. "Ìbéèrè kejìlá. Ìwọ lo tọ̀nà."

Yusif gba ìwé, ó wò ó. Ó wo ọfà kékeré tó ká roboto àti ìlà pupa tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka orúkọ òkú.

"Ọdún mẹ́fà," ni ó wí.

"Mo mọ̀."

"Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní kí n má jiyàn."

"Mo mọ̀."

"Kí ni kí n wá fi ṣe báyìí? Kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ọkọ̀?"

Tíṣà ṣí abọ́ láti fi ère náà hàn án, kó lè rí i pé òun ti mọ̀ ọ́n lóòótọ́, pé kì í ṣe ẹnu lásán. Ṣùgbọ́n kẹ́ńkẹ́ ti gbẹ láti ọjọ́rú. Nígbà tí Yusif fi ọwọ́ yí i, kò yí. Ó là sí méjì, ẹ̀pà kan sì bọ́ sílẹ̀ sínú eruku.

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Ó ti gan," ni Yusif wí. Èrò ìkẹyìn wọ ọkọ̀. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, kò jù ú nù, ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀. Ó ṣáná sí ọkọ̀. "Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé èmi nìkan ni?"

"Ó ku mẹ́rin."

"Ẹ wá tuntun lọ, Tíṣà. Eléyìí ò lè fi nǹkan kan han ènìyàn."

Ọkọ̀ lọ. Tíṣà Màmúdù bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ẹ̀pà tó bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ó sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Abena tó ń ta kẹ́ńkẹ́ lábẹ́ agboòrùn. Kò ra oúnjẹ lóde rí láti ìgbà tí ó ti gbéyàwó.

"Mélòó, Baba?"

"Mẹ́rin."

Abena fi ewé wé e dáadáa. Ó ṣí ọmọrí ìkòkò ata. "Kí n bu ata sí i? Ẹja dídín wà."

"Rárá," ni ó wí. "Mi ò fẹ́ jẹ ẹ́."

Abena dúró, ṣíbí lọ́wọ́, ó ń wò ó. Tíṣà gba kẹ́ńkẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọ̀. Ó yọ ìwé tó kàn nínú àpò, ó ka orúkọ tó wà lókè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.